Olówó Ńlá àti Adùn Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ń ṣe é máa ń di ẹ̀dá inú ìtàn: yóò rìnrìn àjò, yóò jagun, yóò sì yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ìtàn Ṣọ̀ún Ògúnlọlá bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu rẹ́gí. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sọ pé ẹni àhámọ́ ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ Aláàfin nígbà tí ó tọrọ àyè láti kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ọ̀tá tí ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ó gbé orí rẹ̀ wálé. Níbẹ̀ ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣẹ̀.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ àti ti Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá pawọ́ pọ̀ sọ ìtàn yìí di eré, kí ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gbé eré jáde lè fi kún un?

Àkókò ni. Bí olùṣeré bá ní láti yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì nígbà mẹ́wàá, tí àwọn ọ̀nà náà kò sì tún pàdé mọ́, ìrìn-àjò náà di oríṣi 1,024. Ta ni yóò rìn wọ́n tán? Owó ńlá ni a fi ń gba àwọn tí yóò máa ṣe eré náà léraléra, tí yóò máa wá ibi tí ó ti kọsẹ̀, àti ibi tí ìjà ti le jù tàbí tí ó rọrùn jù.

Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, gbé irú eré yìí, Aurion, jáde ní 2016. Ní 2015, owó ìdáwó ni wọ́n ń tọrọ lórí Kickstarter. Ẹni tí ń fi ọwọ́ kan wá owó, tí ń fi èkejì ṣiṣẹ́, àyè àtúnṣe rẹ̀ kò lè pọ̀.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Ilé-iṣẹ́ ńlá EA ni ó ni BioWare nígbà tí Anthem jáde ní 2019, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùṣeré ni kò gbádùn rẹ̀. Larian, tí ó gbé eré tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta Baldur's Gate 3 ní 2020 kí ó tó parí. Ó gbọ́ ohùn àwọn olùṣeré, ó sì ń tún un ṣe títí di 2023.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kí ó bèèrè ohun méjì: oṣù mélòó ni a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò àti àtúnṣe? Ta ni ó ni àṣẹ lórí ìtàn? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.