Ẹja Pupa Kì Í Ṣe Ẹja Kan: Kí Ni Snápà Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kan àwọn tó ń ta ẹja nínú wa jù lọ, ṣùgbọ́n kò yọ aláta tàbí aláṣọ sílẹ̀, torí pé owó tí gbogbo wa jọ dá ni ẹgbẹ́ fi ń ra ọjà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹja tí à ń pè ní snápà, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pè ní ẹja pupa.

Ẹ lọ sí ọjà ẹja létí òkun, ìbáà ṣe ní Èkó, ní Kútọnu tàbí ní Lómé, kí ẹ ní snápà lẹ fẹ́ rà. Ẹni àkọ́kọ́ á na ẹja pupa fòò sí yín. Ẹni kejì á gbé ọ̀kan tó dúdú díẹ̀ sílẹ̀, á ní òun gan-an ni baba snápà. Ẹni kẹta á fa ọ̀kan yọ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kò sì bá àwọn méjì àkọ́kọ́ tan rárá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì búra. Ta ló ń parọ́? Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹja púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

AGBO-ILÉ SNÁPÀ

Àwọn onímọ̀ tó ń to ẹja lẹ́sẹẹsẹ ka snápà sí agbo-ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Lutjanidae. Bí agbo-ilé wa ṣe ní ojúlé, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ọmọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn rí. Ojúlé bíi 17 ló wà nínú agbo-ilé yìí, àwọn ẹ̀yà ẹja tó wà nínú àwọn ojúlé náà sì lé ní 100. Ojúlé tó tóbi jù lọ ni Lutjanus. Òun nìkan ló kó ju ìlàjì gbogbo wọn lọ.

Orúkọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1790, dókítà kan ní ìlú Berlin ní Jámánì, Marcus Elieser Bloch, ló kọ ọ́ sínú ìwé. Kò ti inú ara rẹ̀ hu ú. Orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè Malay ní ìhà Ìlà-Oòrùn Éṣíà ń pe ẹja kan ló gbà. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ ẹnu apẹja ló di èyí tí gbogbo ayé fi ń kọ̀wé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ tí à ń pe ẹja lọ́jà kò já mọ́ nǹkan kan.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ OMI TIWA

Nínú òkun tó wà níwájú wa, láti Senegal títí dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Àǹgólà, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ mẹ́rin nínú ojúlé Lutjanus.

Èkíní ni Lutjanus goreensis. Valenciennes, ará Faransé, ló kọ orúkọ rẹ̀ ní 1830. Erékùṣù Gorée ní Senegal ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí èyí tó kéré nínú wọn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wo abẹ́ ojú rẹ̀: àmì búlúù tó-tò-tó wà níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn kọ ilà.

Èkejì ni Lutjanus fulgens. Ọdún kan náà ni òun náà wọ ìwé. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ni "ẹni tó ń dán". Kì í tóbi tó àwọn méjì tó kù.

Ẹ̀kẹta ni Lutjanus dentatus, tí Duméril kọ ní 1861. "Eléyín" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Òun ni snápà tó dúdú díẹ̀ yẹn. Bí oníbàárà bá sọ pé òun kò fẹ́ ẹ torí pé kò pupa, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọmọ ojúlé kan náà ni.

Ẹ̀kẹrin ni Lutjanus agennes, tí Bleeker, dókítà ará Hóláǹdì, kọ nínú ìwé rẹ̀ nípa ẹja etíkun Gíní ní 1863. Òun àti dentatus ni òmìrán inú wọn. Àwọn méjèèjì lè gùn ju mítà kan lọ. Àwọn ọmọ agennes máa ń gbé nítòsí etíkun, wọ́n sì máa ń wọ ẹnu odò níbi tí omi iyọ̀ ti pàdé omi dídùn. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n olójú kéékèèké ní ẹnu odò fi ń ba ẹja ńlá ti inú òkun jẹ́ kó tó dàgbà.

Snápà tún wà tí kì í ṣe ti ojúlé Lutjanus rárá. Apsilus fuscus jẹ́ ọ̀kan. Inú ibú ló fẹ́ràn, ara rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Ọmọ agbo-ilé ni, ojúlé rẹ̀ ló yàtọ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí pẹ̀lú ẹja nìyẹn. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́, torí pé àwọ̀ máa ń ṣí nínú yìnyín, ẹja tó pupa lówùúrọ̀ lè ti funfun kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ibi tó yẹ kí á wò nìyí:

Ẹnu rẹ̀. Ẹ pa ẹnu ẹja náà dé. Bí ó bá jẹ́ snápà, egungun àgbọ̀n òkè á wọ abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ á sì fara pamọ́. Ti gúrúpà kì í wọlé bẹ́ẹ̀, ìta ló máa ń wà.

Eyín rẹ̀. Snápà ní eyín ṣóńṣó níwájú bíi ti ajá. Ọ̀pọ̀ bíríìmù ní eyín pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tí wọ́n fi ń fọ́ ìkarawun.

Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ti snápà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ti ojúlé Lutjanus, ẹ̀gún tí ẹ máa kà níwájú lẹbẹ náà sábà máa ń jẹ́ 10, nígbà mìíràn 11. Ti kúrókà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé sí méjì láàárín.

Lẹbẹ abẹ́ rẹ̀, èyí tó wà nítòsí ìrù. Snápà ní ẹ̀gún mẹ́ta níbẹ̀. Kúrókà kì í ní ju méjì lọ.

Ẹni tó bá ti wo orí ẹja mẹ́wàá báyìí, ojú rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé orí kúrò, tí wọ́n bó awọ, tí wọ́n yọ egungun, kí lẹ fẹ́ wò? Ẹran funfun lásán ló kù.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÌ Í ṢE TIWA NÌKAN

Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ló lè jẹ́ "red snapper", ìyẹn Lutjanus campechanus, tí Felipe Poey, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kúbà, kọ ní 1860. Síbẹ̀, ní 2004, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹran ẹja tí wọ́n ń tà pẹ̀lú orúkọ yẹn wò rí i pé bí a bá kó mẹ́rin jọ, bíi mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe òun. Ní 2013, ẹgbẹ́ Oceana yẹ 120 wò. Méje péré ló jẹ́ ojúlówó! Ní New Zealand, ẹja tí wọ́n ń pè ní snapper láti ọjọ́ pípẹ́, agbo-ilé bíríìmù ló ti wá.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì tò ó tán. Ní Brazil, ẹja kan wà tí wọ́n ti ń fi orúkọ àwọn ẹ̀yà mìíràn pè láti ìgbà pípẹ́. Ní 2007 ni Moura àti Lindeman tó fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lutjanus alexandrei. Àwọn ẹja Caesio tí wọ́n ti yà sí agbo-ilé ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, ìwádìí inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ti fi hàn pé inú agbo-ilé snápà gan-an ni wọ́n ti wá.

KÍ LÓ KAN ÀPÒ WA?

Ó kàn án púpọ̀. Nínú ọjà àjọrà wa kan, "snápà" ni wọ́n kọ sára gbogbo páálí tí a rà lọ́wọ́ oníyìnyín kan. Nígbà tí a tú wọn, àwọn kan jẹ́ snápà, àwọn yòókù jẹ́ bíríìmù. Oníyìnyín ní, "Ẹja pupa ni mo tà, àbí kò pupa ni?" Ṣùgbọ́n owó snápà ló gbà. Àwọn tí bíríìmù bọ́ sí lọ́wọ́ bínú sí àwọn tó rí snápà gbà, àwọn méjèèjì sì kó ìbínú wọn lé akápò lórí. Obìnrin kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́tipẹ́ ní òun kò dá owó àjọrà mọ́. Ẹ rò ó wò: orúkọ ẹja lásán ló fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká.

Ewu kejì jẹ́ ti ara. Nínú Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, snápà kan wà tó ń jẹ́ Lutjanus bohar. Ní àwọn ibì kan, májèlé máa ń wà nínú ẹran rẹ̀, iná kì í sì í pa májèlé náà. Etíkun wa kọ́ ló ń gbé, ṣùgbọ́n ẹja inú yìnyín ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tó bá ra ẹran aláìlórí kò lè mọ ọmọ ẹni tó rà.

Ewu kẹta jẹ́ ti ọ̀la. Snápà ńlá kì í tètè gbó. Campechanus lè lo ju 50 ọdún lọ láyé. Bí a bá ń pe ẹ̀yà mẹ́rin ní orúkọ kan, ọ̀kan lè tán nínú òkun kí ẹnikẹ́ni tó fura, torí pé orúkọ náà á ṣì wà lórí àtẹ.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ Ń GBÉ WÁ SÍ ÌPÀDÉ

Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí á jọ fẹnu kò sí nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Èkíní, kí á tú ó kéré tán páálí kan nínú ọjà kọ̀ọ̀kan kí á tó sanwó. Èkejì, ẹja tó ní orí àti lẹbẹ nìkan ni kí ẹgbẹ́ máa rà ní owó snápà. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé kọ irú ẹja sínú ìwé owó, kí "ẹja pupa" nìkan má tó mọ́. Ẹ̀kẹrin, kí á ṣa ẹja sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí á tó pín in, kí oníkálùkù san owó irú èyí tó gbà.

Bíríìmù kì í ṣe ẹja burúkú o. Ó dùn, ó sì ní oníbàárà tirẹ̀. Kí á pè é lórúkọ rẹ̀, kí á tà á ní iye rẹ̀, ìyẹn náà ni à ń wí. Oníbàárà tó bá mọ̀ pé òótọ́ là ń sọ á padà wá, á sì mú ẹlòmíràn dání.

Àwọn ìyá wa tó ti pẹ́ nídìí ẹja mọ ohun púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé wa yìí. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ẹja kọ̀ọ̀kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n wá fi han àwọn ọ̀dọ́. Akápò náà ń bọ̀. A rọ ẹni tó bínú pé kó wá o.