Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Ọpọlọ, Ọkàn àti Iṣẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ síta la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Nílé, bí ọmọ kò bá tètè mọ̀wé kà, olódo la máa ń pè é. Bí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, a ní kò gbọ́ràn. Ọmọ náà á dàgbà, á dé ìlú òyìnbó, á ríṣẹ́, orúkọ tí a sọ ọ́ kò sì ní fi í sílẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe bákan náà ni ọpọlọ gbogbo wa ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní dyslexia lè gbọ́n dáadáa, síbẹ̀ kí ìwé kíkà àti sípẹ́lì máa fún un níṣòro. Ẹni tó ní ADHD lè máa gbàgbé nǹkan, kí ọkàn rẹ̀ má sì dúró sójú kan. Ẹni tó ní autism lè má fara da ariwo tàbí iná tó mọ́lẹ̀ jù, àyípadà òjijì sì lè dà á láàmú. Bí wọ́n ṣe dá onítọ̀hún nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé ìgbà tí ilé ìwé ọmọ wọn pè wọ́n ni wọ́n tó sọ pé, "Ah, èmi náà rèé!"

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí

Ká ní arábìnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn arúgbó fẹ́ràn rẹ̀, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń mú ìwé náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò bìkítà, wọ́n sì ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Oorun ò kùn ún mọ́, àyà rẹ̀ sì ń já kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níhìn-ín, òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin.

Kí ni òfin sọ?

Equality Act ti ọdún 2010 ló ń ṣiṣẹ́ ní England, Wales àti Scotland. Ó ní bí ohun kan lára tàbí nínú ọpọlọ ènìyàn bá ń dí i lọ́wọ́ gidigidi nínú ohun ojoojúmọ́, tó sì ti tó oṣù 12 tàbí tó jọ pé yóò tó bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu. Òṣìṣẹ́ kọ́ ló ń san owó rẹ̀. Òfin náà kò yọ ẹni tó wà lórí físà sílẹ̀. Kò sì di dandan kí ẹ kọ́kọ́ ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Bí ìṣòro náà ṣe ń kàn yín ni òfin ń wò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: bí ọ̀gá kò bá mọ̀, tí kò sì sí ohun tó yẹ kó fi mọ̀, òfin ò lè bá a wí pé kò ṣàtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Báwo lẹ ó ṣe ṣe é?

1. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí í-meèlì kúkúrú sí ọ̀gá yín. Ohun mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀: ohun tó nira, ohun tó ń dá sílẹ̀ níbi iṣẹ́, àti ohun tí yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

2. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó béèrè. Arábìnrin wa yẹn lè béèrè àfikún àkókò láti fi kọ̀wé, tàbí ẹ̀rọ tó ń kọ ohun tí èèyàn bá sọ sílẹ̀. Ẹlòmíì lè béèrè ibi tó dákẹ́, tàbí kí wọ́n tètè sọ fún òun bí wákàtí iṣẹ́ bá máa yí padà.

3. Ẹ béèrè nípa Access to Work, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ó lè san owó ẹ̀rọ tàbí ti ẹni tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kọ̀wé béèrè, ẹ kò sì ní dá a padà.

4. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pe Acas lórí 0300 123 1100, tàbí kí ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Ẹ má fi falẹ̀ o, nítorí àkókò tí òfin fún yín láti pe ẹjọ́ kò gùn.

Ọkàn yín ńkọ́?

Fífi nǹkan pa mọ́ lójoojúmọ́ ń gbani lágbára. Bí oorun bá dá, tí ẹkún ò jìnnà, tí oúnjẹ ò wọ ọ̀fun, ẹ lọ rí GP yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín. Ní England, àgbàlagbà lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí GP. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹ pe 111 kí ẹ yan 2. Samaritans náà wà lórí 116 123 tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ṣì wà. Nílé, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú là ń pè ní aláfojúdi. Níhìn-ín, ẹni tí kò woni lójú ni wọ́n ń fura sí. Ẹ ṣàlàyé èyí fún ẹni tó bá ń yẹ ẹ̀yin tàbí ọmọ yín wò, kó má bàa ṣì yín mú.

Ẹ máa gbàdúrà, ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yín. Àdúrà ò ní kí a má rí dókítà. Bí lẹ́tà kíkọ bá nira, ẹ wá bá wa, a ó jọ kọ ọ́. Ẹ má lọ kọ ọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́.