"Sílẹ̀" nínú ìmúra Nówẹ́lì ní ilé àlejò kan ní Àjàṣẹ́

Ilé àlejò tí ìyá mi kékeré ń bójú tó ní Àjàṣẹ́ kò ju yàrá mẹ́sàn-án lọ. Láti ìparí oṣù kọkànlá ni iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Kútọnu àti ní ilẹ̀ Faransé ń bọ̀ wálé ṣe Nówẹ́lì, ilé bàbá wọn kì í sì í gbà wọ́n tán. Mo máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà náà, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣàkíyèsí pé sílẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni:

(1) Ẹ fọ aṣọ ibùsùn sílẹ̀.
(2) Ẹ ra ìrẹsì sílẹ̀ kó tó wọ́n.
(3) A ti lọ ata sílẹ̀.

Gbogbo wa mọ̀ pé sí àti ilẹ̀ ló para pọ̀ di sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó da ata sórí ilẹ̀ nínú (3). Ohun tí sílẹ̀ ń sọ níbẹ̀ ni pé a ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú ìgbà tí a ó nílò rẹ̀. Òun náà ló wà nínú múra sílẹ̀ àti nínú owó àsansílẹ̀. Tí wọ́n bá ní "A ti lọ ata" lásán, ó lè jẹ́ pé ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kún un, a mọ̀ pé ata ṣì ń dúró de àlejò.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá yí padà, ìtumọ̀ á yí padà. Nínú "Ẹ tú ewúrẹ́ náà sílẹ̀" tàbí "Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀", nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ ẹni ni, a kò tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Fi ló nira jù, nítorí ó lè gba ìtumọ̀ méjèèjì.

Ní ọdún kan, obìnrin kan tó ti bèèrè yàrá kẹta tún pè láti Èkó kó lè fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní:

(4) Ẹ fi yàrá kẹta sílẹ̀ fún mi o.

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kọ ọ́ sínú ìwé báyìí:

(5) Ìyá Èkó fi yàrá 3 sílẹ̀.

Ìyá mi kékeré kà á, ó ní obìnrin náà ti yọwọ́, ó sì fún ẹlòmíràn ní yàrá náà. Èmi náà ka ìwé yẹn, èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdá-èdè, n kò rí nǹkan kan sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, obìnrin náà dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Yàrá ti ara rẹ̀ ni ìyá mi kékeré kó kúrò fún wọn, ó lọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

Nǹkan méjì ló sọnù láàárín (4) àti (5). Àkọ́kọ́ ni fún mi, tó ń sọ ẹni tí yàrá wà fún. Èkejì ni Ẹ ìbẹ̀rẹ̀, tó fi hàn pé àṣẹ tàbí ẹ̀bẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí àwọ̀ padà: bí orúkọ ènìyàn bá ti ṣáájú fi, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́. Èdè Faransé ì bá ti fi ìyàtọ̀ hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú wa fi ń sọ pé "Ẹ bá mi réserver yàrá". Àwọn olùkọ́ wa máa ń bínú sí irú àdàlù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀lẹ ló fà á: réserver kò ní pọ́n-na yìí.

Mo dábàá fi pamọ́. Ìyá tó ń se oúnjẹ fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé adìẹ ni yàrá, tí a ó fi pa á mọ́ fún olè?" Òótọ́ ni, fi pamọ́ náà lè jẹ́ kí a gbé nǹkan sá.

Ní báyìí, ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà: Ó bèèrè, Ó san sílẹ̀, Ó yọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fi sílẹ̀ lórí fóònù, ọmọbìnrin náà á bi í pé: "Fún ta ni, ẹ jọ̀ọ́?"