Odídẹrẹ́ Tó Sọ Ará Ilé Di Orogún

Bí ọmọ bá ń lọ sí ìrìn àjò, àwọn àgbà á wúre fún un pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú ni, kò wúwo tó ìdajì kílò dáadáa, àgógó ẹnu rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ sì pọ́n fòò. Gbogbo ìyókù ara rẹ̀, ìtàn ló kún un. Àwọn ará Ìwó ń fi í kì ara wọn. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, ni wọ́n ń fi síwájú orí ìyàwó òrìṣà, àwọn èèyàn wa ní Kúbà àti Bràsíl kò sì jẹ́ kí àṣà náà parun, débi pé òǹkọ̀wé Mestre Didi ti ìpínlẹ̀ Bàhíà kọ odidi ìwé kan ní 1966 lórí ìdí tí Òòṣàálá fi ń lo ìkóódẹ. Ẹyẹ tí òrìṣà gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí, tó tún ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ta ni kò ní gbà pé ojú rẹ̀ tó ibi tí ojú wa ò tó? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ayékòótọ́ inú ilé bá ń tẹrí ba fún bàbá kó lè fọwọ́ yún un lọ́rùn, tó sì ń gé ìyàwó tàbí àbúrò bàbá jẹ, ẹnìkan á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹyẹ ti rí nǹkan lára onítọ̀hún. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́, wọ́n á ní ẹ máa ṣọ́ ọ. Mo bu ọlá fún ìkóódẹ, ṣùgbọ́n èmi ò gba ẹ̀sùn yẹn wọlé. Ẹyẹ náà ò rí àjẹ́ kankan. Ó ti gbé bàbá níyàwó ni, orogún ló sì ń lé.

Nínú igbó, odídẹrẹ́ lè kó jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún láti sùn, síbẹ̀ bí àkókò ẹyin bá tó, méjì méjì ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀, akọ kan, abo kan, wọ́n á sì wọ ihò igi gíga lọ yé ẹyin. Akọ á máa bi oúnjẹ láti inú àpò ọ̀fun rẹ̀ fún abo. Ẹni tó bá sún mọ́ ihò náà á rí ìjà. Ẹ wá wo èyí tó dá wà nínú àgò ní pálọ̀, tí kò rí ẹyẹ bíi tirẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Bí ẹni tó yàn bá jókòó tì í, á máa mi ọrùn sókè sódò, á bi àgbàdo tó ti rin sí onítọ̀hún ní àtẹ́lẹwọ́, á sọ apá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á fẹ́ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ àga tó ṣókùnkùn. Jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé wàyí: ìyẹ́ ọrùn á dìde, ọmọlójú á máa sún kì, á máa fẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà ẹnu ti balẹ̀ sórí ìka. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹyẹ inú igbó kì í ṣe lẹ́nu ihò rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìkórìíra èèyàn ni, pé ẹyẹ tí wọ́n fi àtè mú kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni àdéhùn CITES ti dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó dúró láàárín orílẹ̀-èdè, àwọn tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré sì ń gé ará ilé jẹ bákan náà. Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ ni, ẹni tó ń bọ́ ọ ló ń gbèjà. Kí ló dé nígbà náà tó fi jẹ́ pé lọ́pọ̀ ilé, ẹni tó ń fọ àgò tó sì ń gbé oúnjẹ wá gan-an ni ẹyẹ ń gé jẹ? Ní ti ojú inú, ẹyẹ náà kò nílò rẹ̀ láti dá èèyàn mọ̀ yàtọ̀: Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg fi ṣe ìwádìí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó kú ní 2007, mọ àwọ̀, ó mọ ìrísí, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Èyí tó tilẹ̀ pa ẹnu ẹlẹ́sùn mọ́ ni pé bí àlejò bá sún mọ́ tí ọwọ́ ẹyẹ ò tó o, olólùfẹ́ rẹ̀ gan-an ló máa ń gé jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn burúkú ló ń tú àṣírí rẹ̀, kí lẹni rere ṣe?

Oògùn tí wọ́n ń lò sí gígé tó ń géni jẹ yìí kún ọjà. Wọ́n á na ẹnu rẹ̀, wọ́n á da omi sí i lára, wọ́n á jágbe mọ́ ọn, kí wọ́n tó mọ̀, ẹyẹ ti fẹ́ràn ariwo náà, ó tún ń gé wọn jẹ kí wọ́n lè ké. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ata. Àwọn kan ń fi ata ra ìka kó má baà gé wọn mọ́, àwọn kan sì ń fún un ní ata jẹ kí ahọ́n rẹ̀ lè yọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ata kì í ta ẹyẹ rárá. Ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́ tó ń gbin ín káàkiri. Àwọn tó sì ń pe ti ata ní oògùn àwọn baba ńlá, kí wọ́n rántí pé láti Amẹ́ríkà ni ata wẹẹrẹ àti rodo ti wá, lẹ́yìn 1492. Ataare ni tiwa. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ọfọ̀ kankan: kí ẹni tó yàn yé fọwọ́ pa á lẹ́yìn àti lábẹ́ apá, nítorí ọwọ́ ọkọ àti aya nìyẹn lójú ẹyẹ, orí àti ọrùn ti tó. Kí wọ́n mú gbogbo ihò tó ṣókùnkùn kúrò níwájú rẹ̀, kó má gun èjìká, kó máa sùn bíi wákàtí méjìlá nínú òkùnkùn. Ẹ̀pà àti ẹyìn pupa tó fẹ́ràn jù, ọwọ́ ẹni tó ń gé jẹ nìkan ni kó ti máa rí wọn, kí ẹni náà kọ́kọ́ máa jù wọ́n sínú àwo láti ìta àgò.

Bí ó bá jẹ́ abo, ó lè yé ẹyin sínú àgò láìsí akọ. Ẹ̀rù á ba àwọn àgbà ilé, wọ́n sì ní ìdí: ẹyin odídẹrẹ́ wà lára àmì tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì fi ń sọ fún Aláàfin láyé àtijọ́ pé kó lọ sùn. Èyí tó wà ní pálọ̀ kò ránṣẹ́ ikú sí ẹnikẹ́ni, kò sì ní di ọmọ. Ẹ má sáré kó o dànù, nítorí bí ẹ bá kó o, á tún yé òmíràn dípò rẹ̀, egungun ara rẹ̀ ni yóò sì fi mọ èèpo ẹyin náà.