Irú Wo, Ìkelòó, Mélòó: Orúkọ fún Oríṣìí Dátà Nínú Ẹ̀kọ́ Ìlera

Ní Ore, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, ni ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Bí ọkọ̀ bá dànù ní irú oríta bẹ́ẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ìlera yóò kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó farapa sí: nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ orí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ìpalára náà ti le tó, iye egungun tí ó ṣẹ́. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣìnà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ni ó ṣeé rò pọ̀.

Ní 1946 ni S. S. Stevens, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, pín òṣùwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin, ìpín tí àwọn olùkọ́ sìtàtísíìkì ṣì ń tọ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 sì ti fi hàn pé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ṣeé fi Yorùbá kọ́ ọmọdé. Ẹni tí yóò gbé ti ìlera wọ inú èdè kò ní láti rìn jìnnà. Ìbéèrè ojoojúmọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Èsì sí ‘irú wo?’ ni dátà onírúkọ. Èsì sí ‘ìkelòó?’ ni dátà onípò. Èsì sí ‘mélòó?’ ni dátà oníkíkà. Èsì sí ‘ó ti wúwo tó?’ ni dátà oníwíwọ̀n.

Bí wọ́n bá fi 1 dúró fún ọkùnrin, tí wọ́n fi 2 dúró fún obìnrin, àròpín wọn lè jẹ́ 1.5, ṣùgbọ́n ta ni ẹni náà? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nìkan ni ó ṣeé mú jáde nínú dátà onírúkọ.

Dátà onípò ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ní 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé òṣùwọ̀n Glasgow jáde fún ẹni tí ó fi orí ṣèṣe. Ojú, ohùn àti ìmira ni wọ́n ń wò. Àpapọ̀ rẹ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti 3 dé 15. Ẹni tí ó gba 12 sàn ju ẹni tí ó gba 6, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé làákàyè rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Láti ya oníkíkà sọ́tọ̀ kúrò lára oníwíwọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ‘ààbọ̀’ tó. Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ bójú mu; bí agbẹ̀bí bá sọ pé ìyá kan bí ọmọ mẹ́ta àti ààbọ̀, ariwo ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni ààbọ̀ yìí. Ọmọ tuntun tí kò tó kílò méjì àti ààbọ̀ nílò àmójútó pàtàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gé ẹ̀yìn nọ́ńbà dànù yóò kọ 2 fún ọmọ tí ó wọn 2.4 àti fún èyí tí ó wọn 2.9, ewu ti àkọ́kọ́ yóò sì pamọ́ sínú ìwé.

Èdè fúnra rẹ̀ kò ṣaláìní ìkùnà. Méjì ń sọ iye, kejì ń sọ ipò. Síbẹ̀ ‘bẹ́ẹ̀dì kejì’ kò sàn ju ‘bẹ́ẹ̀dì kẹta’ lọ. Orúkọ ni, ó kàn wọ aṣọ ipò ni. Ó yẹ kí olùkọ́ tètè sọ èyí.

Ó ku àròpín àti àárín. Bí aláìsàn mẹ́sàn-án bá lo ọjọ́ méjì-méjì, tí ẹni kẹwàá, tí itan rẹ̀ ṣẹ́, sì lo ọjọ́ 82, àròpín jẹ́ ọjọ́ 10, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó lo ọjọ́ 10. Àárín, ìyẹn èyí tí ó bọ́ sí agbedeméjì nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, jẹ́ ọjọ́ 2. Ẹni tí ń ṣètò iye bẹ́ẹ̀dì yóò mú 10. Ẹbí tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń béèrè ìgbà tí àwọn aláìsàn sábà máa ń lọ sílé, 2 ni èsì tirẹ̀.