Àṣírí oníbàárà, ewu olóṣó: ta ló ń yan ibi ìpàdé?

Ọjà tòmátò, ata àti iṣu tó wà ní Mile 12 kì í sùn. Tírélà tó kó ẹrù wá láti òkè Ọya lè dúró títí ọjà yóò fi tà, awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ á sì wá ibi tí wọ́n máa forí lé. Wọ́n wà lára àwọn tó ń fún òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké níṣẹ́ ní àdúgbò tó yí ọjà náà ká, láti Kétu dé Ìkòsì. Àwọn kan ń gba owó alẹ́ kan, àwọn mìíràn ń gba owó wákàtí díẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣọ́ọ̀tù táìmù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ ibẹ̀ ló ń wá olóṣó, àmọ́ àwọn tó ń wá wọn kì í fẹ́ lo òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ilé ara wọn. Ará Ìkòsì á forí lé Ìkẹjà, ará Ìkòròdú á sọ̀kalẹ̀ ní Kétu. Ọlọ́pàá kọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ìyá ìjọ ni, mẹkáníìkì àdúgbò ni, ọ̀rẹ́ ìyàwó ni.

Bí oníbàárà bá dé kọ́ńtà, wọ́n á ṣí ìwé ńlá kan síwájú rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ. Níbẹ̀ ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́gun á di John, nọ́ńbà fóònù á dín ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀tù táìmù, wọ́n lè má ṣí ìwé náà rárá. Obìnrin tó tẹ̀lé e wọlé ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè orúkọ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà tó bo ẹni tó kọ òótọ́. Òfin ìdáàbòbò déta tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò gba òtẹ́ẹ̀lì láyè láti máa pín orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà káàkiri bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ dán òfin wò?

Ohun tí àìmọ ẹni tó wọlé lè fà hàn ní Port Harcourt. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ńṣe ni wọ́n ń bá òkú àwọn ọ̀dọ́bìnrin nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì nílùú náà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọkùnrin tó bá wọn wọlé ti bá tirẹ̀ lọ. Kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì kan ló gba àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ọkùnrin náà, Gracious David-West, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó jẹ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún un ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, lórí ikú obìnrin 9.

Ní Èkó níbí, ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó wá ra ọjà pàdé àwọn tó mọ̀ lórí Facebook, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac ni wọ́n sì pa á sí. Olóṣó kọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà mú un: ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa, yàrá tí àjèjì yàn, ilẹ̀kùn tó tì. Ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ọkùnrin 2 ní ọdún 2017.

Inú igbó kọ́ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Inú ilé tó ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà àti akọ̀wé nídìí kọ́ńtà ni. Ẹni méjì wọlé, ẹnì kan jáde, kò sẹ́ni tó bi í pé èkejì rẹ̀ dà, nítorí pé àìbèèrè gan-an ni oníbàárà sanwó fún.

Ilé aṣẹ́wó, irú èyí tó mú kí òkìkí òpópónà Ayílára ní Ojúẹlẹ́gbà kàn, yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ké níbẹ̀, yàrá kejì á gbọ́. Ṣùgbọ́n owó yàrá ń jẹ àwọn obìnrin ibẹ̀, ọlọ́pàá ń já wọlé, àìsàn náà sì ń bẹ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2007 bá kòkòrò HIV lára ìdá 37.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé aṣẹ́wó, àti ìdá 30.2 lára àwọn tó ń ṣe é níta. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, ó ti di 19.4 àti 8.6. Síbẹ̀, ojú kan ni àwọn ti inú ilé wà, ó sì rọrùn fún òṣìṣẹ́ ìlera láti gbé kọ́ńdọ̀mù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta ló máa wá èyí tó ń pàdé oníbàárà lórí WhatsApp rí?

Ní ti òfin, ìwé òfin ọ̀daràn tí ìhà gúúsù Nàìjíríà jogún kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àgbàlagbà gba owó fún ìbálòpọ̀. Ẹni tó ní ilé aṣẹ́wó, ẹni tó ń jẹun lórí wọn, ẹni tó ń báni wá wọn, àti ìwà pálapàla ní gbangba ni ó mú. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn o. Ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ ní Èkó, ẹ̀wọ̀n gbére ló ń dúró dè é. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Binta Nyako ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá àwọn obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn aṣẹ́wó kó láre. Síbẹ̀, obìnrin tí oníbàárà lù ní Kétu á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, torí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa tì mọ́lé.

Ní Senegal, ìjọba ti gba iṣẹ́ náà láyè láti ọdún 1969. Ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè forúkọ sílẹ̀, kó gba káàdì ìlera, kó sì máa ṣàyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ kò gba káàdì náà, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí ìyá tàbí ọkọ má bá a nínú báàgì.

Nítorí náà, ọgbọ́n ara wọn ni àwọn olóṣó níbí ń dá. Wọ́n á fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà yàrá ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bọ́ bàtà, ọ̀rẹ́ á sì pè tó bá yá. Oníbàárà tó gbọ́ ìpè yẹn sábà máa ń bínú. Ó ní wọ́n ń tú àṣírí òun.