Àwòrán gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí: Yíya Etí Òkun àti Ilé Àtijọ́ láti Èkó dé Àgbádárìgì

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè fojú bà mọ́, nítorí pé omi ti gbé wọn lọ tàbí pé ọwọ́ ènìyàn ti wó wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, àwòrán ni ó sún mọ́ àfojúbà jù lọ. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ó lè mú kí àwòrán etí òkun àti ilé àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣeé gbára lé, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán.

2. Ohun tí ó ti lọ

Ilojo Bar ní Ìta Tinúubú, Èkó, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ilé tí a kọ́ ní àṣà àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsílì padà wá sílé. Ọdún 1855 ni a gbà pé wọ́n kọ́ ọ. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ojú ilé náà lónìí, inú àwòrán ni yóò ti rí i. Ìwé tí Marianno Carneiro da Cunha kọ lórí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó jáde ní 1985 pẹ̀lú àwòrán tí Pierre Verger yà, fi ìwúlò irú iṣẹ́ yìí hàn.

Etí òkun náà kò dúró sójú kan. Ìgbì a máa ru iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó ní 1908 kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, iyanrìn há sí apá ìwọ̀-oòrùn. Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ní nǹkan bí 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn dí ojú òkun níbẹ̀ láti tẹ ìlú Eko Atlantic dó.

3. Yíya etí òkun

Ìhà gúsù ni òkun wà sí Èkó. Nítorí náà, oòrùn kì í yọ ní ọ̀kánkán òkun. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń yọ, ẹ̀gbẹ́ náà ni ó sì ń wọ̀ sí. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́. Ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ a máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí iyanrìn, òjìji a sì fi kòtò àti gegele hàn. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo rẹ̀ a dà bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọyẹ́ a máa bo ọ̀nà jíjìn. Iyọ̀ inú atẹ́gùn a sì máa lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà, ó yẹ kí a máa nù ún.

Àwòrán kan ṣoṣo kò lè fi hàn pé òkun ń jẹ ilẹ̀. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ padà sí ojú kan náà lọ́dọọdún, kí ohun kan tí kì í ṣípò, bí ilé tàbí òpó, sì wà nínú àwòrán. Kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà, nítorí pé omi tí ó kún lè tan ni jẹ.

4. Yíya ilé àtijọ́

A lè fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ayàwòrán bá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí ó lè rí òrùlé, ògiri méjèèjì yóò dà bí ẹni pé wọ́n ń fara ti ara wọn. Kí ó sún sẹ́yìn, kí kámẹ́rà sì wà ní ọ̀gbọọgba. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ya ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò yẹ kí ó fi wáyà iná tàbí ògiri tí ó ti sán pamọ́ nítorí ẹwà. Ara ẹ̀rí ni wọ́n.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé orúkọ tí ìjọba fún ilé kò ní kí ilé má wó. Àwòrán náà kò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ìmọ̀ nípa rẹ̀ ṣẹ́ kù. Àwòrán tí kò ní ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kì í pẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ju ibì kan lọ: lọ́wọ́ ayàwòrán, ní ilé ìkàwé, àti lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ilé.